Dísù Tí Mo Rà Fún Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ọjọ́ orí mi kí ẹ tó bú mi. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, inú ń bí mi, èmi fúnra mi ni inú sì ń bí mi sí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti jẹ́ kí ọkùnrin kan máa ru ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri. Èmi ń jí láràárọ̀, mo ń mu tíì, mo ń ka ìwé ìròyìn. Òun ń tiro.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ládùúgbò mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wá bá mi pẹ̀lú àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan láti Ayépé. Wọ́n ń wádìí ìdílé ọmọ náà, bí a ṣe máa ń ṣe kí a tó lọ tọrọ ìyàwó.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ bàbá àgbà ọmọ yìí. Wọ́n ní ó ba ọkọ̀ ẹgbẹ́ yín jẹ́, ó jí epo tà, ó tún búra èké lé e lórí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò ní dé ibẹ̀ o. Ẹ sọ òótọ́ fún wa."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rántí dáadáa ná. Ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi lọ́jọ́ kan rí. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ ní ìparí oṣù yìí, ohun tí mo bá sọ làwọn máa gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo wà lára àwọn tó lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn nígbà tí orúkọ yẹn ṣì ń dún. Wọ́n ń fọ aṣọ wa fún wa. Wọ́n ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí a tó jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, a ó jókòó sábẹ́ igi, a ó máa jiyàn lórí bí a ṣe máa tún Nàìjíríà ṣe, bí ẹni pé ọwọ́ wa ni wọ́n kó o lé. Títí dòní, bí mo bá ṣí ìwé tuntun tí mo gbóòórùn rẹ̀, ọkàn mi á padà síbẹ̀. Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, àwọn tó jù mí lọ ń dìde fún mi lórí àga. Ìyẹn ló bà mí jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ìbéèrè mọ́.

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn àwa tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún kan náà nílùú, dáwó jọ, a ra bọ́ọ̀sì kan tó ń lo dísù. A fẹ́ kó máa kó àwọn àgbẹ̀ àti ẹrù wọn láti Ìjẹ̀bú-Imusin wá sọ́jà, kó sì máa gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù lọ́fẹ̀ẹ́. Dípẹ̀, ọmọ Ayépé, ni a gbà láti máa wà á. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ilé àwọn tó ń bọ Ògún ni wọ́n bí i sí, ó sì ń fọ ọkọ̀ náà bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi ni wọ́n ní kó máa ra dísù. Àgbá méjì wà lẹ́yìnkùlé mi, ibẹ̀ ni Dípẹ̀ ti ń wá bu epo láràárọ̀.

Làmídì, mẹkáníìkì wa, ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé. Ó ní, "Ọ̀gá Akọ̀wé, ilé epo nìkan ni kí ẹ ti máa ra dísù rẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, wọ́n ti fi kẹrosíìnì lú u, omi sì wà nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù ọkọ̀ yìí ò lè gbà á."

Mo tẹ̀ lé e fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkùnrin kan tó ń ta dísù lẹ́yìn ahéré pákó kan lẹ́bàá títì márosẹ̀. Tirẹ̀ dúdú díẹ̀, ó sì dínwó gan-an. Lójú mi, dísù ni dísù. Mo ní àwọn tí kò kàwé ló ń sanwó lé orúkọ àti ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé epo. Ẹ wo agọ̀. Ọkùnrin náà ń fi ọkọ̀ gbé e wá sẹ́yìnkùlé mi nígbà tí Dípẹ̀ bá ti lọ sọ́nà Imusin, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fi owó tó ṣẹ́kù sápò. Àpò ẹgbẹ́ ló ń padà sí. Ohun tí mo ń wá ni kí wọ́n wò mí nípàdé kí wọ́n sọ pé, "Ẹ ò rí ohun tí ìwé ń ṣe fún èèyàn?" Wọ́n sì sọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè padà sẹ́yìn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dípẹ̀ gbé gálọ́ọ̀nù sókè, ó fi imú sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, epo yìí ń rùn bíi kẹrosíìnì."

Mo ní, "Ilé ìwé wo lo lọ tí wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn epo?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò lọ ilé ìwé kankan sà. Imú mi nìkan ni mo ní."

Mo sọ fún un pé ilé epo ni mo ti rà á, kó lọ bu epo rẹ̀ kó yéé yọ mí lẹ́nu. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí pé imú rẹ̀ sọ òótọ́.

Kò pẹ́ sí i ni bọ́ọ̀sì náà kú lójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò tó kún inú rẹ̀. Làmídì tú u. Ó ní pọ́ǹpù ti jẹ, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ó gbé ohun tó wà nínú fílítà sínú abọ́ wá sípàdé wa. Omi àti ẹrẹ̀ ni. Ó ní, "Eléyìí kì í ṣe dísù ilé epo."

Gìwá, ìyẹn olórí ẹgbẹ́ wa, yíjú sí mi. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ibí yìí ni mo ti ba ayé mi jẹ́. Mo ní, "Dísù tó tọwọ́ mi kúrò, ó mọ́."

Gbólóhùn kan péré. Mi ò pe Dípẹ̀ lólè. Àwọn tó kù ló parí rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní á jẹ́ pé ó ń ta èyí tó dáa fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìdọ̀tí rọ́pò.

Dípẹ̀ ò pariwo. Ó ní kí wọ́n mú irin wá. Làmídì fún un ní sípánà kan. Ó fi ahọ́n kàn án, ó ní bí òun bá ta epo náà tàbí pààrọ̀ rẹ̀, kí Ògún mú òun lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló na sípánà náà sí mi. Ó ní, "Ó ku Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé."

Mo ní onígbàgbọ́ ni mí. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé Bíbélì fún mi nígbà náà. Mo ní Bíbélì náà ló ní kí a má ṣe búra rárá. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ onímọ̀ nìyẹn. Ẹ wò mí, èmi tí mo ń sùn nínú ìwàásù, mo sá sẹ́yìn Jésù nítorí àgbá dísù méjì.

Wọ́n lé Dípẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ fún un mọ́ nínú gáráàjì kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wà lórí alùpùpù nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé kan kọlù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Ìròyìn náà gba ìlú kan. Wọ́n ní Ògún ti dájọ́.

Àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Àwọn àgbà ẹbí ń lọ síbi tó dùbúlẹ̀ sí lójoojúmọ́, wọ́n ń sọ fún un pé kó jẹ́wọ́ kó tó kan ìyá àti ọmọ. Nígbà tó yá, Dípẹ̀ jẹ́wọ́. Ó ní òun ta epo náà. Ó ní òun búra èké. Wọ́n gbé e dé ojúbọ, wọ́n fi ajá bẹ Ògún, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Gìwá pé kí ẹgbẹ́ dárí jì í.

Gìwá fúnra rẹ̀ wá sílé mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ yẹn ti jẹ́wọ́ o. Ọlọ́run ti dá ọ láre."

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ọlọ́run á dárí jì í."

Èmi nìkan láyé yìí, yàtọ̀ sí Dípẹ̀, ni mo mọ̀ pé irọ́ ló pa lọ́jọ́ tó jẹ́wọ́. Ó gba ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá kí ọmọ inú ìyàwó rẹ̀ lè wà láàyè. Ọmọ náà wà láàyè. Òun ló bí ọmọbìnrin tí wọ́n wá bi mí léèrè rẹ̀ yìí.

Mo pàdé Dípẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn náà, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń fi igi rìn. Ó ní, "Ẹ káàsán sà," ó wò mí díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ká ní ó bú mi ni, bóyá mi ò bá ti jẹ́wọ́ látọjọ́ yẹn. Bóyá náà, irọ́ ni mo tún ń pa.

Mo sọ fún ọmọ mi ọkùnrin. Ó ní, "Dádì, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé èèyàn dáadáa ni ìdílé náà. Kí lẹ fẹ́ wọ́ orúkọ yín nílẹ̀ sí lọ́jọ́ ogbó?" Mo lé e jáde nínú yàrá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ìdílé dáadáa ni, nígbà tí àwọn ọmọ Dípẹ̀ fúnra wọn gbà pé olè ni bàbá wọn? Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá kí n sọ̀rọ̀. Màá sọ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dúró de àwọn tó ń bọ̀ ní ìparí oṣù, ẹnu àna ni Dípẹ̀ á ti gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́ lẹ́nu mi. Bí mo bá lọ bá òun nìkan ní Ayépé, mo mọ̀ ọ́n, á ní kí n má dààmú, pé ó ti pẹ́, á sì tún fi mí pa mọ́ bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Bí mo bá sì ní kó pe gbogbo ẹbí rẹ̀ jọ, mò ń sọ fún wọn lójú ara wọn pé àwọn ni wọ́n fipá mú ọmọ wọn purọ́ mọ́ ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Àwọn tó kù ti dàgbà bíi tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé pàápàá, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má kọ̀wé sí mi pé ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ọkùnrin yìí ti bá mi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi níṣojú àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?