Táyé Fẹ́ Kí Wọ́n Gé Àgbọ̀n Òun

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe, torí iwájú mọ́tò tó ń ti Igbó-Ọrà lọ sí Ìbàdàn ni mo jókòó sí, wọn kì í sì í fi irú mi sẹ́yìn. Àwọn ìbejì kan ló wà lẹ́yìn mi, àgbà ọkùnrin, ojú kan náà, ọrùn tó ki bákan náà.

Kẹ́hìndé ní, "Kí dókítà fi ayùn gé egungun àgbọ̀n rẹ, kó tì í síwájú, torí oorun lásán?"

"Oorun lásán kọ́. Èémí mi ló ń dúró tí mo bá sùn. Ìyàwó mi ló ń gbá mi láyà kí n tó mí."

"Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ nímú ńkọ́?"

"Iná dà? Tó bá tiẹ̀ wà, màá já a dànù lójú oorun ni. Mo ti fi láfún sílẹ̀ kí n lè fọn, mo ti ki ike tí dókítà fún mi sẹ́nu sùn. Pàbó ni."

"Tójú rẹ bá wá yí padà, ta ló máa mọ̀ pé ìbejì ni wá?"

Táyé rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Nínú ìyá wa, ìwọ lo rán mi pé kí n lọ tọ́ ayé wò. Ìwọ náà ń hanrun, èémí tìẹ náà ń dúró. Jẹ́ kí n lọ tọ́ ọ̀bẹ wò."

Kẹ́hìndé fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu tèmi, mo yíjú sí Táyé lẹ́yìn. "Ọ̀gá, kí ni oorun ti gbà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ fi gbójú tó báyìí?"

"Ọ̀kadà kan tí mo sùn lọ lórí rẹ̀ lọ́nà Ayétẹ̀, eyín mẹ́ta, àti iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà."