Ìran Tí Mo Rí Nípa Àwọn Aṣẹ́wó Ẹnubodè

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó jáde. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kan ẹnì kan tó jókòó láàárín wa. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi ni, n kò sì ní tìtorí ìyẹn bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, mo ń gbàdúrà fún ẹnubodè wa àti gbogbo àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe ń pe orúkọ Jésù, ojú mi wúwo, mo sì forí lélẹ̀ lórí ẹní. Ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kánjú. Ó ní, "Obìnrin, dìde. Wá wò."

Ó mú mi wọ ibì kan tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí eyín ń ta mí lẹ́nu. Mo rí àwọn elékèé tí wọ́n ń fi èékánná họ ahọ́n ara wọn. Mo rí panṣágà kan tó ní ìyàwó níhìn-ín, tó tún ń gba ìyàwó oníyàwó ní ìhà kejì bodè. Iná di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú níhìn-ín, iná mìíràn di èkejì mú lọ́hùn-ún, wọ́n ń fà á. Mo rí ọ̀gá ìlú kan tó mọ̀ pé owó wa máa já wálẹ̀ lọ́la, tó ṣẹ́ tirẹ̀ lónìí kó tó kéde fún mẹ̀kúnnù. Wọ́n ń fi owó yíyọ́ bọ́ ọ, wọ́n sì ń kí i pé kó máa jẹun. Kí n má purọ́, n kò ṣàánú rẹ̀.

Nígbà náà ni ohùn kan ké pé, "Àwọn aṣẹ́wó dà?"

Mo yíjú, mo ń retí àwọn obìnrin tó kun ètè. Ẹ̀yin ará, ọkùnrin ni gbogbo wọn! Àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agbòjò ní ẹnubodè ni, tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí sẹfà, owó ìhà kejì bodè, tí wọ́n ń ṣẹ́ sẹfà sí náírà. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ ká pè wọ́n bẹ́ẹ̀. "Onísẹfà" ni wọ́n ń pe ara wọn, ìjà ni ẹni tó bá fi orúkọ kejì bá wọn ṣeré ń wá. Lọ́hùn-ún, kíá ni wọ́n jẹ́ ẹ, nítorí pàṣán wà lẹ́yìn wọn.

Wọ́n tò síwájú fèrèsé kan tí wọ́n ti ń ta omi. Owó tó pọ́n bí ẹyín iná wà ní àtẹ́lẹwọ́ olúkúlùkù, ó ń jó ẹran ọwọ́ wọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jù ú nù. Bí ẹnì kan bá dé ojú fèrèsé, ohùn a dáhùn láti inú pé, "Iye ti àná lo mú wá. Omi ti gbówó lórí lónìí. Padà sẹ́yìn." Wọn a padà, owó a tún gbóná sí i, wọn a tún tò, wọn a tún dé ibẹ̀, iye ti àná ni, padà sẹ́yìn, ọ̀kan ń lá òógùn ara rẹ̀, òmíràn ń bẹ̀ pé kí wọ́n gé ọwọ́ òun, kò sẹ́ni tó gé e, òùngbẹ, iná, òùngbẹ, iná, mo fọwọ́ bo ojú, aláṣọ funfun sì fa ọwọ́ mi kúrò.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí iye owó bá yí padà, tí àlejò kò tíì gbọ́, iye ti àná ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ fún un."

Ní òdìkejì ọ̀gbun kan, mo rí àwọn olóòótọ́ tí wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi. Ọmọbìnrin kan ń bu omi odò, ó ń fi fọ ẹsẹ̀, ó ń dà á nù bó ṣe wù ú, àwọn tó tò sójú fèrèsé sì ń wò ó. Mo mọ̀ ọ́n. Àlàbá ni, ọmọ obìnrin ará Kétu yẹn. Ẹ rántí ọdún tí náírà wa já lójijì, tí sẹfà tó ti ń ṣe ẹrú rẹ̀ di ọ̀gá? Ìyá Àlàbá gbé sẹfà wá síhìn-ín láti fi ra oògùn àìsàn ọmọ náà. Tìmótì àbúrò mi ló ṣẹ́ ẹ fún un, iye ti àná ló sì fún un. Ṣùgbọ́n olóògùn ti ń ta ọjà rẹ̀ ní iye ti òní. Owó kò pé. Àlàbá kú kí ìyá rẹ̀ tó délé.

Mo tún yíjú sí ìlà náà, mo rí àlàfo kan. Owó pupa kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò tíì sọ́wọ́ tó mú un.

"Ti ta nìyẹn?"

"Ti ọmọ ìyá rẹ ni. Bó bá san ohun tó jẹ obìnrin yẹn padà, a ó mú un kúrò."

Mo figbe ta, mo jí.

N kò bọ́jú. Mo sáré lọ bá Tìmótì nílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sunkún, ó yí nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí n dé ibẹ̀! Màá san án. Ẹ bá mi mú un lọ fún un." Ó wọ yàrá, ó mú owó jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo wò ó. Ẹ̀yin ará, kò lè ra omi inú ọ̀rá!

"Tìmótì, kí lèyí?"

"Iye tí mo yọ lórí ẹ̀ gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò dín náírà kan."

"Iye ìgbà wo?"

"Ti ìgbà yẹn ni ná. Ṣé ẹ fẹ́ kí n san ti òní ni?"

Owó náà rèé lọ́wọ́ mi. Òun náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń wò mí, ó rò pé òun ti bọ́. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń ṣẹ́ owó, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì tètè ronú. Tìmótì, ọmọ ìyá mi, dìde wá gbà á. Gbà á kí o dì í mú, nítorí láti ìgbà tí o ti fún mi ló ti ń gbóná sí i.