Ìwé Ọjọ́ Tí Kò Tíì Dé

Wọ́n ti ọkọ mi mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kọ̀ńpútà tiwọn ṣẹ̀. Ẹ bá mi pariwo Halelúyà! Ẹ tún un pa! Ẹni tí mo fẹ́ máa sunkún rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn yẹn!

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn sójà ọlọ̀tẹ̀ wọ̀nyí ti gba Bouaké, èèyàn kì í jáde nílùú láìsí lésépasé, ìwé àṣẹ ìrìnnà wọn. Lọ́jọ́ Ajé, Gbadé ọkọ mi gba ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ní ọ́fíìsì wọn, ó fẹ́ lọ ra iṣu ní Brobo. Kò kà á. Àṣìṣe tiwa nìyẹn: òǹtẹ̀ nìkan la máa ń wò. Níbi tí wọ́n dábùú ọ̀nà, sójà kan tẹjú mọ́ ìwé náà, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè é.

"Anago, òní ọjọ́ kẹta oṣù. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọjọ́ kẹtàlá la fún ọ níwèé. Ṣé ọ̀la lo ti ń bọ̀ ni? Ayédèrú!"

Bí wọ́n ṣe gbé e lọ nìyẹn.

Mi ò lè jẹun. Mi ò lè sùn. Ìyá ọkọ mi ń bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé wọn ò ní pa á?" Jésù, O ṣé o!

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì wọn; akọ̀wé tó ṣe ìwé náà ní, "Màdáámù, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ọkọ yín ló purọ́." Ọ̀gá wọn ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á gbé e lọ síbòmíràn. Kò sọ ibẹ̀.

Yunifásítì ìlú yìí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ńpútà kí ogun tó dé. Lọ́jọ́ kẹta mo padà lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé yín ṣe lésépasé tiyín lójú gbogbo wa." Akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín. Ìwé jáde. Ọ̀gá kà á: wọ́n fún un níwèé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, òní sì jẹ́ ọjọ́ karùn-ún!

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti di oníṣẹ́ ayédèrú nìyẹn, sà."

Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá gbà kí n ṣí ètò tí kọ̀ńpútà fi ń ṣe ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ṣe é ní kí kọ̀ńpútà pe ọjọ́ òní ní "ọjọ́ ìgbàwé", kó tún pe ọjọ́ kan náà yẹn ní "ọjọ́ ìparí", kó wá sún un síwájú lọ́jọ́ mẹ́wàá. Kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀! Méjèèjì bá sún lọ pọ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹnì kan ṣoṣo ni Gbadé àti Bàbá Ṣọlá. Bí ẹ bá rán Gbadé lọ sí Brobo, ṣé ẹ máa bá Bàbá Ṣọlá nílé wa ní Dougouba?"

"Rárá o."

"Ohun tó ṣe ọjọ́ yín nìyẹn."

Mo ní kí kọ̀ńpútà kọ́kọ́ da ọjọ́ náà kọ, kó sì sún ẹ̀dà nìkan. Ìlà kan péré! Ìwé jáde: ìgbàwé, ọjọ́ karùn-ún; ìparí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ògo!

Wọ́n tú ọkọ mi sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn. Ó ti rù. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìyá Ṣọlá, ṣé òní ti di òní báyìí?"

Olúwa, mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Ìwọ tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn, má sọ̀rètí nù. Ẹni tó bá mi wọ ọ́fíìsì yẹn mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì jókòó. Ta ló ṣe ètò náà tí kò dán an wò? Kàlẹ́ńdà kọ́ sẹ́yìn akọ̀wé; kí ló dé tí kò bojú wẹ̀yìn? Àwọn tó sì tò sẹ́yìn ọkọ mi lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n gba irú ìwé kan náà: níbo ni àwọn sójà kó wọn sí?