Yàrá Tí A Fẹ́ Gbé AC Sí

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Coal Camp, ní Enugu níbí, tí mo ń sáré kiri láìwọ bàtà… ta nìyẹn? Bọ́láńlé, yọjú wo ìta. Ṣé ẹni tó fẹ́ wá so AC ni? Kì í ṣe òun? Ó dáa. Gbé fóònù rẹ súnmọ́ mi kó lè gba ohùn mi sílẹ̀ dáadáa.

Ooru wà nígbà náà o. Kí ẹnikẹ́ni má tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n ìta la máa ń tẹ́ ẹní sí, Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, gbogbo wa á sùn lọ bẹẹrẹ, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wá láti orí òkè. Ta ló lè sùn síta ní Uwani yìí lónìí? Ògiri gíga níwájú, ògiri gíga lẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa fín èéfín sí ọ nímú. Kí lẹ wá ń pè ní ọ̀làjú?

Bàbá mi, télọ̀ ni. Ọ̀ffà ló ti wá sí Enugu, ó ní òun ò ní pẹ́. Òun ò ní pẹ́! Ibí ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Yàrá kan ṣoṣo la gbé, bàbá mi ò sì kan ìṣó kan mọ́ ara ògiri rẹ̀ rí. Ẹ gbọ́ o. Ìṣó kan péré! Ìyá mi á ní, "Bàbá Ràfí, ẹ jẹ́ ká kan pátákó tí n ó máa to àwo sí." Bàbá mi á ní, "Lọ́jọ́ tí a bá ń relé, ṣé wàá ru ògiri ni?" Inú àpótí laṣọ wa ń gbé, inú garawa làwo wà. Ohun tí kò bá ti ṣeé gbé, a kì í rà á. "Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé," ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́.

Ogun abẹ́lé dé, a sì lọ. Ká sòótọ́, gbogbo ẹrù wa la rí kó. Bàbá mi ní, "Ṣé ẹ rí i?" Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Ọ̀ffà, kí ni wọ́n ń pè wá? "Àwọn ará Enugu." Tí mo bá la ẹnu sọ Yorùbá, àwọn ọmọ ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ó máa ń ká mi lára gan-an. Bí ogun ṣe parí, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ di ẹrù padà síbí. Àmọ́ kó tó gbéra, ó mú mi wọ yàrá ńlá kan nínú agbo ilé, ó ní, "Ràfí, tìrẹ nìyí. Ọjọ́ yòówù tó o bá dé, o ò ní tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Bọ́láńlé, tún wò ó. Mo gbọ́ nǹkan. Oníkẹ̀kẹ́ ni? Jẹ́ kí n dìde díẹ̀, ara mi ò balẹ̀ lónìí.

Yàrá yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ lọ. Ọkọ mi gan-an, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Tí mo bá ra kọ́tìnì, fèrèsé Ọ̀ffà ni mo rà á fún. Tí mo bá ra ẹní tó rẹwà, ti Ọ̀ffà ni, ẹ ká a pa mọ́. Yàrá tí mò ń sùn ńkọ́? Mi ò fọwọ́ kàn án. Fáànù onídùúró ni mo ń lò, torí ti òkè àjà, wọ́n á ní àfi kí wọ́n lu àjà.

Wàyí o, ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ooru mú mi, ojú mi ṣú, mo ṣubú ní bálùwẹ̀. Múfú bàbá rẹ gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ooru yìí ò bá ẹ̀jẹ̀ ríru mi mu rárá, pé tí mo bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀, ó lè má dáa. Múfú ní, "Màmá, AC la máa rà." Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó ní táyà ni kó rà fún mi, èyí tí wọ́n ń tì kiri. Ó ní, "Màmá, ìyẹn ò lágbára, ariwo ló mọ̀ ọ́n pa. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ògiri ló dáa." Mo ní èmi ò so nǹkan kan mọ́ ògiri. Ó ní ká ṣáà jọ lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù.

A dé ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó ń tà á ṣàlàyé fún wa. Ó ní agbára ẹṣin ni wọ́n fi ń wọn AC, yàrá kékeré, ẹṣin kan, yàrá ńlá, ẹṣin kan àbọ̀. Ó ní tó bá kéré sí yàrá, á máa ṣiṣẹ́ títí, yàrá ò ní tutù. Tó bá sì tóbi jù, á kàn máa jẹ iná lásán ni. Ó wá bi mí pé, "Mama, the room, how e big reach?"

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un. Mo ní ó tóbi. Mo ní àjà rẹ̀ ga, fèrèsé rẹ̀ méjì, ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà, mo ní amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, síméǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà ní, "Mud house? For this Enugu?" Múfú yíjú sí mi. Ó rọra ní, "Màmá, yàrá wo lẹ ń sọ?"

Mi ò mọ̀ pé Ọ̀ffà ni mo ń sọ! Ojú tì mí. Àmọ́ agbára ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ọ̀ffà ni! Ṣé mi ò ní relé ni? Ohun tó máa bá ibẹ̀ mu ni ká rà." Mo ní kó pe Sàláwù, àbúrò mi tí kò bá wa padà lẹ́yìn ogun, kó bá mi wọn yàrá náà.

Sàláwù gbé fóònù. Mo ní, "Bá mi wọn yàrá mi, AC ni mo fẹ́ rà sí i." Mo ní, "Ṣé ò ń gbọ́?" Ó ní, "Mò ń gbọ́, Àǹtí mi. Ẹ má bínú. Ràṣídì ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn àtọmọ wọn." Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Ó ní, "Ó ti pẹ́. Àkọ́bí wọn ti ń lọ sílé ìwé." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bọ̀, a máa kó wọn kúrò. Àǹtí mi, ṣé ẹ ń bọ̀ ni?"

Ṣé mò ń bọ̀ ni…

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó dùn mí wọra. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kí ni kí n wí? Kí wọ́n lé ìkókó jáde, kí yàrá lè máa dúró dè mí? Mo ní, "Sàláwù, fi wọ́n sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n máa sùn." A kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà láìra nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó. Mo wo yàrá yìí bí ẹni tí ò wọ ibẹ̀ rí. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Kò tóbi. Mo pe Múfú, mo ní, "Ẹṣin kan tó mi. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ògiri ni." Ó ní, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní, "Kò dá mi lójú. Rà á."

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí ẹ bá ń sùn, ẹ tún un ṣe nígbà tí ara yín ṣì le. Bàbá mi ò burú o. Ilé rẹ̀ ló fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ìyá mi kú láìrí ibi to àwo sí… Ayé ti yí, ọmọ mi.

Ẹ̀n-ẹ́n! Òun ló ń kanlẹ̀kùn yẹn. Sọ fún un pé òdìkejì bẹ́ẹ̀dì ni kó so ó sí, kó má kọjú sí mi lórí. Kí lo wí? Pé a ò ní lọ sí Ọ̀ffà mọ́? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A máa lọ. Tí Iléyá bá dé, a máa ra aṣọ fáwọn ọmọ Ràṣídì, a máa lọ kí wọn, a máa bá wọn ṣeré fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a máa padà wálé.

Lọ ṣílẹ̀kùn.