Èmi Ni Mo Pa Ọ̀gá Tó Kọ́ Mi Ní Eré

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n so mí kọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá yìí. Bí wọ́n bá ṣí ìlẹ̀kùn ńlá láàárọ̀, oníkálukú a máa fetí sí ẹsẹ̀ wọ́dà, bóyá òun ló ń bọ̀ wá mú. N kò sọ ìtàn mi kí ẹ lè bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Mo jẹ̀bi.

Wọ́rì ni wọ́n bí mi sí. Ará Ọ̀yọ́ làwọn òbí mi, ìkòkò àti abọ́ ni wọ́n ń tà ní Deco Road. Bí ìyá mi bá fi Yorùbá pè mí, Píjìn ni mo fi ń dá a lóhùn. Ẹni tó jẹ́ kí n gbọ́ Yorùbá dénú ni Ọ̀gá Tìṣà, ará Ìjẹ̀bú kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń kó ẹgbẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n jọ nílé rẹ̀ ní Jakpa Road. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ló ṣe bàbá fún mi.

N kò di gbajúmọ̀. Mo ṣe mẹ́gádì, mo ṣe awakọ̀, mo ṣe dókítà tó ń sọ fún ẹbí pé aláìsàn ti kú. Àwọn èèyàn mọ ojú mi, wọn kò mọ orúkọ mi. Nígbà tí wàhálà Wọ́rì, ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà, wọ inú fíìmù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe sójà, torí mo ga, ohùn mi sì nípọn. Ọ̀gá Tìṣà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró.

Ó ní, “Má pariwo. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ tòun kì í pariwo. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o dákẹ́.”

Lọ́dún tí ìjà gbóná, tí wọ́n ń sun ilé, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé, aṣọ sójà tí a fi ń ṣeré wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Oúnjẹ tán nílé ìyá mi. Mo wọ aṣọ náà kí n lè ráyè kọjá. Nígbà tí mo dé iwájú ilé búrẹ́dì, gbogbo èrò tó tò ló yà fún mi. Obìnrin kan tó tó bí mi lọ́mọ tẹrí ba, ó ní, “Oga soja, abeg, pass.” Ẹnikẹ́ni kò yà fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọjá, mo ra búrẹ́dì mi, n kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí ìlú rọ̀, Ọ̀gá Tìṣà bi mí pé, “Aṣọ sójà wa dà?”

Mo ní, “Wọ́n jí i nígbà ìjà, sà.”

Ó ní, “Kò burú. Ìwọ náà ì bá ti bá ìjà yẹn lọ.”

Irọ́ ni mo pa; aṣọ náà ni mo ń wọ̀ láti dá ọkọ̀ dúró ní àwọn ojú ọ̀nà tí sójà gidi kì í sí. Àwọn awakọ̀ ń fún mi ní ohun tí wọ́n bá rí. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sìkípà, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “I know you. Na you be that soja for film.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tú mi fó. Ó ní òun kò ní tú mi fó, bí mo bá lè ṣe irú ẹ̀ fóun. Sójà gidi ì bá yìnbọn pa mí bí wọ́n bá gbọ́. Ìtìjú tún ń bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ. Mo gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n jí olówó gbé. Àwọn olówó méjèèjì padà sílé láàyè, mo sì ń fìyẹn tu ara mi nínú.

Ìkẹta jẹ́ ọ̀sán gangan, lójú ọ̀nà Ovwian. Kọngílá kan, agbaṣẹ́ṣe olówó, ni wọ́n ní ó ń bọ̀. Mo fi aṣọ bojú, mo gbọ́wọ́ sókè. Mo ní, “Park. Come down.” N kò pariwo. Kọngílá náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í náà sọ̀ kalẹ̀: Ọ̀gá Tìṣà ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà làwọn méjèèjì ń lọ, ó kàn bá a wọkọ̀ ni.

Ohùn mi ló fi dá mi mọ̀. Ó wá pe orúkọ tí ìyá mi ń pè mí. Ó ní, “Kí lo ń ṣe níbí?”

A kó àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀ ojú omi Sìkípà. Nígbà tí a wọ inú ẹrẹ̀ àti igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi lọ́hùn-ún, Sìkípà gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Di papa know your name. If e reach house, we don die. Na you go do am.” Ìbọn méjì mìíràn wà lẹ́yìn mi.

Ọ̀gá Tìṣà kò bẹ Sìkípà. Èmi ló ń wò. Ó ní, “Ọmọ mi, sọ pé o ò ṣe.”

Mo ní, “Wọ́n á pa mí, sà.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ṣáà sọ pé o ò ṣe.”

N kò lè sọ ọ́. Mo yìnbọn. Omi gbé e lọ.

Mo lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, torí bí n kò bá lọ wọn á béèrè mi. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Àwọn sójà mọ ojú rẹ nínú fíìmù. Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọ̀gá rẹ.” Mo ní mo ń lọ. Mo lọ jókòó sínú mọ́ṣáláṣí títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, mo padà, mo ní wọn kò tíì rí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n sanwó, tí Sìkípà tú kọngílá náà sílẹ̀, ó sọ orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu Ọ̀gá Tìṣà lójú ọ̀nà; Sìkípà kò mọ̀ pé òun náà ti gbọ́ ọ. Ilé Ọ̀gá Tìṣà làwọn ọlọ́pàá ti wá mú mi. Ìyàwó rẹ̀ dúró sáàárín èmi àti wọn. Ó ń sọ pé, “Ẹ ṣàṣìṣe. Ọmọ mi ni.” N kò lè wò ó lójú.

Ní kóòtù, ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó Ọ̀gá Tìṣà bi mí: “Níbo lo gbé e sí?” Àwọn ọlọ́pàá ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ kí n lọ tọ́ka síbẹ̀. A yí omi yẹn ká lọ́jọ́ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jọra. N kò mọ ibẹ̀, mo sì sọ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n. 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọkùnrin àtobìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Kì í ṣe ẹni tó le ni mo jẹ́. Ìtìjú ni mo ń sá fún. Lọ́jọ́ tí Sìkípà halẹ̀ mọ́ mi, ká ní mo sáré lọ sí Jakpa Road, ká ní mo sọ pé, “Ọ̀gá, mo purọ́ fún yín,” ì bá fi ọ̀rọ̀ nà mí, ì bá sì wá ọ̀nà tí yóò fi yọ mí. Ẹni tí ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún lónìí, tí ojú rẹ̀ ń tì yín, ẹ lọ bá a nígbà tó ṣì wà láàyè.