Eegun Kì Í Ṣe Eégún

Inú ọkọ̀ tó ń kó wa láti pápákọ̀ òfurufú lọ sí Lithonia ní Amẹ́ríkà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní October tí wọ́n máa ń fi eegun rọ́bà ṣe iwájú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Dókítà eegun kan tó ti Ìbàdàn dé jókòó sẹ́yìn mi pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wá pàdé rẹ̀.

"Aunty, ẹ wo eégún tí wọ́n gbé jókòó sórí àga yẹn."

"Eegun ni, kì í ṣe eégún. Wọ́n tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ sí ọ̀tún."

"Eegun, eégún, same thing, Aunty."

Obìnrin náà yíjú sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Same thing. Nígbà tí bàbá ẹ ṣubú, èmi ni mo to eegun itan ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé ló ń bi mí pé ṣé o ti ń bọ̀. O ní shift níbi iṣẹ́ ò jẹ́. A sin ín, o ní shift ò jẹ́."

"Aunty, ẹ má bínú."

"Eegun lásán ló kù nínú bàbá ẹ báyìí. Tó bá wá di eégún, tó wá ẹ wá sí Lithonia yìí, ṣé shift náà lo máa sọ fún un?"