Ọ̀jọ̀gbọ́n tí Kò Gbé Ayé Rí

Òtítọ́ tí mo ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ jáde lẹ́nu mi lánàá, ara mi sì fúyẹ́ débi pé n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kọ èyí. Ní gbọ̀ngàn kan ní Felele, níbi àpéjọ àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Gọ́fúmẹ́ǹtì, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Bridget, alága wa. Mo wí fún gbogbo ilé pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Uwais Elisha, tí wọ́n fẹ́ fi àsọyé ọdún yìí ṣe ìrántí rẹ̀, kò gbé ayé rí. Èmi ni mo dá a. Báńà rẹ̀ ti wà lára ògiri. Àyè fọ́tò nìkan ló ṣófo, nítorí wọ́n ní kí èmi tí mo ní mo mọ̀ ọ́n mú fọ́tò rẹ̀ wá.

Akọ̀ròyìn ni mí kí n tó di ẹni tó ń kọ ìwé fún ilé-ìwé girama. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé àwọn èrò òṣèlú, láti orí kapitálísíìmù dé sóṣálísíìmù, mo fi ọ̀rọ̀ ara mi túmọ̀ sóṣálísíìmù pé òun ni kí gbogbo agboolé fọwọ́ kan oúnjẹ kí ẹnikẹ́ni tó bu ẹ̀ẹ̀kejì. Abdulazeez, tó fẹ́ tẹ ìwé náà, ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò ní baba. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ níhìn-ín: ìtumọ̀ tí kò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “gẹ́gẹ́ bí lágbájá ti wí” kò gba máàkì.

“Ẹ̀gbọ́n Olúṣínà,” ó ní, “ta ló máa há ọ̀rọ̀ tiyín sórí? Ẹ wá ọ̀jọ̀gbọ́n kan fún un.”

Uwais ni aládùúgbò mi lápá ọ̀tún ní Karaworo, Elisha sì wà lápá òsì. Mo so orúkọ méjèèjì pọ̀ di ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kí mùsùlùmí má baà bínú, kí onígbàgbọ́ má baà bínú. Ọgbọ́n òmùgọ̀ gbáà! Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń kọ Uwais Elisha sínú ìdánwò, tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn sì ń fi í sínú ìwé tiwọn láìbéèrè. Ọ̀kan tilẹ̀ fi ìlú tí wọ́n bí i sí kún un.

Eunice, olùkọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan, nìkan ló béèrè. Ó wá bá mi nílé, ó ní òun fẹ́ ka ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ. Mo ní ìwé náà ti wọ́n. Ó wò mí títí. “Sà, kì í ṣe ìwé ló wọ́n. Òǹkọ̀wé ló wọ́n.” Ó padà sí kíláàsì, ó sì ń fagi lé orúkọ náà nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ, títí àwọn òbí fi fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó fẹ́ kí ọmọ àwọn fìdí rẹmi.

Ilé-ìwé gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì pè mí. Ibi tó burú jù nìyí. Eunice jókòó níwájú mi, àpò rẹ̀ wà lórí itan. Ọ̀gá ilé-ìwé bi mí bóyá mo mọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà.

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa,” ni mo wí. “Mo ti jẹun nílé rẹ̀.” Kí wọ́n má baà ní kí n mú un wá, mo fi kún un pé Ọlọ́run ti pè é.

Eunice kò sunkún. Ó dìde, ó ní, “Ẹ kú aráfẹ́rakù, sà,” ó sì jáde. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí Kàbà.

Lánàá, fọ́tò àbúrò bàbá mi tó ti kú wà lápò mi. Òun ni mo fẹ́ fi dí àyè òfìfo náà. Bí mo ti ń yọ ọ́, ohùn Eunice ló sọ sí mi létí. Mo dá fọ́tò padà, mo jẹ́wọ́. Bridget kò bú mi. Ó ká báńà, ó ní, “Ta ló gbúròó Eunice?”

Eunice, mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa béèrè ẹni tó ni ọ̀rọ̀, kódà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìwé.

Láàárọ̀ yìí Bridget pè mí: ọ̀gá ilé-ìwé náà ti gbà kí Eunice padà, Eunice sì ti wọ ọkọ̀ ní Kàbà. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ kò tíì sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Eunice kò sì tíì dáhùn ìpè mi. Nítorí náà n kò ní í kọ ọ́ bí òtítọ́. Gẹ́gẹ́ bí Bridget ti wí, ó ń bọ̀. Bridget wà láàyè. Ẹ lè bi í.